Kámẹ́rà Kan Lọ́rùn: Ìtàn Pierre Fátúmbí Verger

Àsìkò tí a máa ń dẹrù lọ sílé tún ti ń sún mọ́lé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: òṣùwọ̀n á wà láàárín pálọ̀, ìyá ń kó ẹrù sínú báàgì, bàbá ń yọ ọ́, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Kílò 23 ni, kò gbọdọ̀ lé. Nínú gbogbo àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn, ti kámẹ́rà ló máa ń pẹ́ jù nílé tèmi. Èwo la máa gbé? Ṣé fóònù nìkan tó, àbí ká gbé kámẹ́rà ńlá? Lẹ́ǹsì mélòó? Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ńkọ́?

Mo ti jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí rí, mi ò ní purọ́. Lọ́dún 2007, mo gbé kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì mẹ́rin àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé fún ọjọ́ ìbí màmá wa. Nígbà tí màmá dìde láti wúre fún àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi wà nídìí báàgì, mò ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Kí n tó gbórí sókè, àwọn èèyàn ti ń ṣe àmín. Mo ní fọ́tò ìrẹsì, mo ní ti kánọ́pì, mo ní ti àwọn onílù. Ti ìwúre yẹn, kò sí. Màmá ti lọ báyìí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àdánù sínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ojú ìwé tí mo lè kọ èyí sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan lónìí. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n orúkọ tó gbé wọ sàréè, orúkọ wa ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí rìn yí ayé ká, ó dé ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Bahia, ó sì kó àwòrán jọ tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ bí àwọn bàbá ńlá wa ṣe rí. Tí ẹ bá bi mí pé irin iṣẹ́ wo ló kó dání, màá ní kámẹ́rà kan ló gbé kọ́rùn. Pierre Verger ni, èyí tí àwọn ará Kétu sọ di Fátúmbí.

Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1902. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ìdílé wọn ń ṣe. Ilé ìwé ò bá a lára mu rárá, kò ju ọmọ ọdún 17 lọ tó fi kúrò níbẹ̀. Títí tó fi sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ayé ọmọ olówó ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ìyá nìkan ló kù, nítorí ìyá yìí ló sì ṣe dúró sílé. Lọ́dún 1932, ìyá náà kú.

Ọdún 1932 yẹn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pierre Boucher, kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò. Ó lọ ra kámẹ́rà Rolleiflex kan, ó gbé e kọ́rùn, ó fi ẹsẹ̀ rin káàkiri erékùṣù Corsica. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti forí lé Tahiti. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, kò sì ní ẹrù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí kámẹ́rà yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iléeṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig ní Jámánì ló ń ṣe é, ọdún 1929 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Àpótí kékeré kan ni, ó ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú òkè ni ayàwòrán fi ń wo nǹkan, ojú ìsàlẹ̀ ló ń yà á sórí fíìmù. Ẹni tó bá ń lò ó kì í sábà gbé e bo ojú. Àyà tàbí ikùn ló máa gbé e sí, á wá tẹrí ba láti wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó máa rí níbẹ̀, ọ̀tún á ti di òsì, òsì á ti di ọ̀tún, àfi kí èèyàn fara balẹ̀ kọ́ ọ títí á fi mọ́ ọn lára.

Lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tún fi òmíràn sí i. Kò sì lè fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú èèyàn tóbi nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi sún mọ́ ọn. Fíìmù kan, àwòrán 12 péré, ó ti tán nìyẹn, ẹ dúró kí ẹ ki òmíràn. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ta sí ẹni tó wà nítòsí létí.

Ṣé ẹ rí i pé gbogbo ohun tí a lè pè ní àléébù rẹ̀, èrè ló wá jẹ́ fún arìnrìn-àjò? Nítorí pé kò lè fa nǹkan mọ́ra, ó di dandan kí Verger sún mọ́ àwọn èèyàn, kó kí wọn, kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Nítorí pé fíìmù kì í pẹ́ tán, ó ní láti wò kó tó tẹ̀. Ti orí tó ń tẹ̀ ba yẹn tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó gbé ìbọn ojú kan dojú kọ ọ́, ìwọ náà á fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹrí ba níwájú rẹ, tó gbé àpótí kékeré mọ́ ikùn, àfi bíi pé ó ń kí ọ. Mi ò sọ pé tìtorí èyí ló ṣe ra Rolleiflex o. Mo kàn ń sọ pé ohun tó gbé dání bá ibi tó ń lọ mu ni.

Láti 1932 títí dé 1946, ọkùnrin yìí kò jókòó. Ó kúrò ní Tahiti, ó padà sí Paris, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní yàrá fọ́tò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro. Lọ́dún 1934, ìwé ìròyìn Paris-Soir rán an yí ayé ká, ó dé Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà. Lẹ́yìn èyí, ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé Togo àti Dahomey, èyí tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ó dé Mẹ́síkò, ó dé Philippines, ó dé Guatemala. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é wọṣẹ́ ológun ní Dakar. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjá sí Argentina, Perú àti Bolivia. Fọ́tò tó ń tà fún àwọn ìwé ìròyìn àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń wọkọ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọdún mẹ́rìnlá, nínú ọkọ̀ ojú omi, lórí ẹṣin, lórí ẹsẹ̀, nínú òtútù orí òkè Andes àti ooru etí òkun. Ẹni tó bá kó àpótí mẹ́fà dání kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ nìkan ló lè rí ọkọ̀ tó ń lọ, kó fò sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 1946, ó gúnlẹ̀ sí ìlú Salvador ní Bahia, ní Brazil. Ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti rí ilé. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé ìròyìn O Cruzeiro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ará ìlú: àwọn apẹja, àwọn alárùú èbúté, àwọn tó ń tà lọ́jà, àwọn tó ń jó ní ọjọ́ ọdún. Ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ìgboyà tí àwọn èèyàn yìí ní, inú òrìṣà ni wọ́n ti ń rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé òrìṣà.

Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà wọ̀ bí ẹni wọ ọjà o. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bahia kì í gbà kí àlejò ya fọ́tò níbi orò. Verger jókòó, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ràn. Ìyá Senhora, ìyálórìṣà ilé Opô Afonjá, gbà á lọ́mọ. Orúkọ wọn gan-an ni Maria Bibiana do Espírito Santo. Àwọn ni wọ́n wá fi í jẹ oyè Ojú Ọba, ìyẹn ojú Ṣàngó. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń fi ojú ṣiṣẹ́ jẹun, ojú náà ni wọ́n fi ṣe oyè fún un.

Bahia yìí ló mú kó fẹ́ mọ orísun. Lọ́dún 1948, ilé ìwádìí àwọn Faransé tí wọ́n ń pè ní IFAN, tó wà ní Dakar, fún un lówó ìwádìí kó lè lọ wo ẹ̀sìn òrìṣà níbi tó ti ṣẹ̀. Théodore Monod ni olórí wọn nígbà náà. Verger gbé Rolleiflex rẹ̀, ó rìn láàárín Dahomey àti ilẹ̀ wa. Nígbà tó parí, ó gbé fíìmù ẹgbẹ̀rún méjì àwòrán fún Monod. Monod wò ó, inú rẹ̀ kò dùn tó. Ó ní àwòrán nìkan kò tó, kí Verger jókòó kọ ohun tó rí.

Verger ò fẹ́ o. Ayàwòrán ni, kò ka ara rẹ̀ kún ọ̀mọ̀wé, ó ti sá fún ilé ìwé láti kékeré. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn gbà, ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀. Èmi akáńtì, ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún méjì rìsíìtì wá, tí kò kọ ẹni tó gbowó, ọjọ́ tó gbà á àti ohun tó fi ṣe sára rẹ̀, bébà lásán ló kó wá. Bí fọ́tò ṣe rí náà nìyẹn. Verger wá ra ìwé ìkọ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ, ó ń kọ oríkì, ó ń kọ ọjọ́ ọdún, ó ń kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ibi tó ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé ìkọ̀wé di ẹnì kejì kámẹ́rà nínú ẹrù rẹ̀.

Lọ́dún 1953, ní Kétu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá. Ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, ìyẹn ni pé Ifá ló tún un bí. Nísinsìnyí, kì í ṣe àlejò tó ń yọjú lójú fèrèsé mọ́. Ó ti wà nínú ilé.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, 1952, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí a bí sílẹ̀ òkèèrè mọ̀. Nígbà tí Verger ń padà sí Bahia, ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju kámẹ́rà lọ. Aláàfin Ọ̀yọ́ ìgbà náà, Ọba Adéníran Adéyẹmí, ti ní kí wọ́n fi ṣẹ́rẹ́ kan àti ẹdùn àrá Ṣàngó rán an, pẹ̀lú lẹ́tà, kó gbé e fún Ìyá Senhora. Lẹ́tà yẹn ló fi Ìyá Senhora jẹ oyè Ìyá Nàsó, oyè tó wà láàfin Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wo ọ̀nà tó ti dàrú láti ayé òwò ẹrú, bí aláfin ṣe rántí ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Bí báàgì Verger bá kún fún irin iṣẹ́, ibo ni ì bá fi ẹdùn àrá sí?

Àwọn kan lára wa máa ń béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ òyìnbó Faransé ló yà wá, nígbà tí Faransé ń ṣe ìjọba lé Dahomey lórí, tó sì jẹ́ pé owó wọn náà ló fi rìn. Ìbéèrè náà tọ́, ẹ má jẹ́ ká sá fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú fọ́tò yẹn kò mọ ibi tí ojú wọn máa dé. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò yà wá bí ẹni ya ẹranko nínú ọgbà. Ó kọ́ èdè, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó ju ú lọ nínú awo, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ san gbèsè náà.

Ó san án lóòótọ́. Ìwé àwòrán rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà, Dieux d'Afrique, jáde ní 1954. Lọ́dún 1957, IFAN tẹ ìwé ńlá tó kọ lórí òrìṣà àti vodun. Ọkùnrin tó kúrò nílé ìwé lọ́mọ ọdún 17, yunifásítì Sorbonne fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1966. Òwò ẹrú láàárín etí òkun Benin àti Bahia ló ṣèwádìí lé lórí, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní 1968. Láti 1977 sí 1979, olùkọ́ àlejò ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ó tún kó ewé àti ọfọ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó di ìwé Ewé ní 1995.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó jókòó sí ilé kékeré rẹ̀ ní Salvador, ilé tí kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kankan nínú rẹ̀ tó lè mú ojú olówó. Lọ́dún 1988, ó dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni àwòrán tó tó 62,000 wà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1996 ló kú, lẹ́ni ọdún 93, ní Salvador náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kékeré kan fún yín, iṣẹ́ mi ni. Àwòrán 62,000, ká pín in sí ọdún márùn-dín-láàádọ́ta tó fi yà wọ́n, kò tó 1,400 lọ́dún kan. Kò tó mẹ́rin lójúmọ́. Ọmọ mi obìnrin ya jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi oúnjẹ alẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ti Verger, wọ́n ṣì ń wò ó, nítorí ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ní tèmi o, mo ti pinnu ohun tí màá kó lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí. Kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì kan tí kò ní kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ fóònù ló mọ̀ ọ́n lò jù, kó gbé fóònù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá mọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má ra tuntun lọ́sẹ̀ tí ẹ máa wọkọ̀, torí ibi òde kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bátìrì kejì, kó wà nínú báàgì ọwọ́, torí wọn kì í gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Káàdì méjì tí àwòrán ń wọ̀, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìwé kékeré àti báírò, kí ẹ kọ orúkọ bàbá àgbà tó jókòó lápá òsì, kó tó di pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó dúró sílé.

Ibi tó bá sì ṣẹ́ kù nínú kílò 23 yẹn, ẹ fi fọ́tò tí ẹ tẹ̀ sórí bébà kún un, kí ẹ gbé e fún àwọn tó wà nílé. Ẹni tó ń gba àwòrán lọ ní gbogbo ìgbà, tí kì í mú ọ̀kan padà wá, kò yàtọ̀ sí ajẹgbèsè.

Nígbà tí àgbà bá dìde láti wúre, ẹ ya ẹyọ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ṣe àmín pẹ̀lú àwọn tó kù. Èmi ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007.

Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kó mú wa bọ̀. Ó dìgbà kan ná o.